Apá Bàbá Múfú àti Owó Gbà-má-bínú ti Kánsù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ẹyin mẹ́ta ní ìsọ̀ kékeré tó kọjú sí ilé wa ní Ìgandò, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì ní kí n mú ẹgbẹ̀ta náírà wá. Mo bi í pé ṣé ìyá adìyẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú jàre, àwa náà ò mọ ohun tá a fẹ́ ṣe mọ́.” Mo sanwó, mo ń kùn lọ sílé. Nígbà èwe mi, ṣílè mẹ́ta ló ń ra àgbébọ̀ adìyẹ tó ń yé lọ́wọ́, ẹni tó tà á yóò sì tún bá ọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Tọ́rọ́ á ra àkàrà tí odidi ilé yóò fi mu ẹ̀kọ, ìyá alákàrà á tún fi èènì lé e fún ọmọ tí wọ́n rán. Ilẹ̀ tí àwọn ajagungbalẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ yọ àdá sí ara wọn lónìí, láti ibi tí mo jókòó sí yìí títí dé ọ̀nà Ìkọ̀tún, oko ẹ̀gẹ́ ni nígbà náà, ẹni tó bá sì fẹ́ nínú rẹ̀, obì àti ọ̀rọ̀ dídùn ló fi ń tọrọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí owó rẹ̀ kò lé sí i láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Síbẹ̀, òun gan-an ló kù díẹ̀ kó sọ agbo ilé wa di ọlọ́rọ̀ lọ́dún kan, bí kì í bá ṣe ti àna Bàbá Múfú.

Agbo ilé náà kò sí mọ́. Ilé alájà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ báyìí, tí àwọn ayálégbé ibẹ̀ ń tan jẹnẹrétọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, ariwo mìíràn ni mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́ okùn garawa tó ń ha ẹnu kànga. Mò ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́ lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, ṣà-ṣà-ṣà, títí apá wọn yóò fi funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mò ń gbọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń jà sí omi ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé ìdáná. Lékè gbogbo rẹ̀, mò ń gbọ́ ikọ́ Bàbá Múfú, tí kì í ṣe ikọ́ àìsàn rárá. Ikọ́ ọ̀gá ni. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun sì ni olórí ilé. Bó bá wúkọ́ lójúde, gbogbo wa ti mọ̀ pé omi ló fẹ́, tàbí ẹni tí yóò gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bàbá tèmi, télọ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń pariwo, ńṣe ló máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan kó má bàa gbọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí Bàbá Múfú ń bẹ̀rù nínú ilé ni ìyá wọn, Ìyá Àgbà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú rẹ̀ dá lu bí ìdí ajere. Ìgbóná ló ṣe é bẹ́ẹ̀, àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun kan náà ló pa ọmọ méjì tó bí ṣáájú Bàbá Múfú. Kì í sọ̀rọ̀ wọn. Bí a bá ń ṣeré jù lẹ́bàá kànga, á kàn ní, “Ẹ rọra o, ẹ̀yin tí ẹ kù.”

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti ń lọ sí ilé ìwé, mo sì ti lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ. Ìdí nìyí tí Sídí, ìyàwó tuntun tí Bàbá Múfú fẹ́ láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, fi ń pè mí ní Akọ̀wé, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn alábẹ́rẹ́ kánsù dé pẹ̀lú mọ́tò. Abẹ́rẹ́ tiwọn kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a mọ̀. Ohun kan tó jọ ìbọn ni, tí ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan nílẹ̀ fún, tí yóò sì dún “pà!” lára apá ènìyàn. Gbogbo ọmọdé Ìgandò sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́, àgbàlagbà mélòó kan sì tẹ̀ lé wa, wọ́n ní àwọn ń wá wa lọ. Ìyá Àgbà ló jáde síta, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gún òun. Ọ̀gá wọn wo ojú rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin ti san tiyín. Kò lè mú yín mọ́.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ ṣáà gún mi, kí àwọn òmùgọ̀ inú oko yẹn lè rí i pé mi ò kú.”

Bàbá Múfú kò sá. Ó rìn lọ bá wọn bí ẹni tó fẹ́ lọ gba oyè, ó sì na apá ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n ní apá òsì ni àwọn ń gún. Ó ní òun kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n ṣàlàyé, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó fárí gá pé àwọn tó tọ́ òun kọ́ òun. Nígbà tó yá ọ̀gá wọn mí kanlẹ̀, ó gún un ní ọ̀tún. Ó wá kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ojú ibẹ̀ yóò yọ bí eéwo, yóò gbẹ, èépá rẹ̀ yóò sì já fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun pa á. Ó ní àwọn yóò padà wá fún àwọn ìkókó àti àwọn tó sá. Rísí, àbúrò mi, wà lára àwọn ìkókó náà, kò tíì ju ohun tí a ń gbé sínú igbá lọ. Gbogbo wa tí wọ́n rí mú fi tiwa sílẹ̀ bí wọ́n ti wí. Bàbá Múfú nìkan ló wọ ilé ìdáná, ó kó ọsàn wẹ́wẹ́ Ìyá Àgbà, ó lọ ata ìjọ̀sí, ó po eérú mọ́ ọn, ó sì fi ra ojú abẹ́rẹ́ náà. Ó ní oró ni òun ń fà jáde. Ohun tó fà jáde ni igbe, tí àwọn ará ilé kejì fi sáré wá wo ẹni tó kú. Nígbà tó máa di ọjọ́ díẹ̀ sí i, apá náà ti wú bí iṣu àgbàlá, ó ń dán, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyá Àgbà ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ fún un láràárọ̀, ó ń bi í léèrè kan náà: “Ta ló ní kó o fi ata se apá ẹ?”

Bí apá náà ti wú tó yìí ni lọ́yà kan dé láti Èkó. Ilẹ̀ ló wá wò. Ó wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó sì ń fi aṣọ ìnujú nu bàtà ju bó ti ń nu ojú lọ. Ó rí Bàbá Múfú níbi tó ti ń kérora lórí àga, ó béèrè ohun tó ṣe é lápá.

“Kánsù ni,” ni Bàbá Múfú dáhùn.

Lọ́yà gbàgbé ilẹ̀ tó wá wò. Ó fa àpótí kan jókòó. Ó ní kí wọ́n tún un sọ fún òun látìbẹ̀rẹ̀, Bàbá Múfú sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn fo ibi ọsàn àti ata. Nígbà tí ó parí, lọ́yà ní, “Bàbá, ẹjọ́ nìyí. Owó gbà-má-bínú ń bẹ nínú apá yìí. Ẹ máa tọ́jú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú.” Kí ó tó lọ, ó ti fi òfin lélẹ̀: Bàbá Múfú kò gbọdọ̀ gbé nǹkan, kò gbọdọ̀ ro oko, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà jẹun, kò sì gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí apá rẹ̀ kú kì í fi ọwọ́ méjèèjì gúnlẹ̀. Owó tirẹ̀, nínú èyí tí kánsù bá san ni yóò ti mú un. Ó kọ̀wé sí kánsù. Kánsù dá èsì padà pé títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, àwọn alábẹ́rẹ́ àwọn kò ní tẹ ilẹ̀ àdúgbò wa mọ́, kí ẹlòmíràn má bàa tún pè wọ́n lẹ́jọ́.

Kò ju bí àgbàdo ti ń gbẹ lórí ìdúró lọ tí apá náà fi san. Ó san pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti wọ mọ́tò, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá mọ́tò náà dúró. Bàbá Múfú gbé apá kọ́rùn. Bàbá mi ló rán ọ̀já tó fi gbé e kọ́, ó rán ti ojoojúmọ́ láti ara àǹkárá olódòdó tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó kan, ó rán ti Jímọ́ọ̀ lọ́tọ̀ láti ara léèsì. Mo ti lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi àìsàn ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó fi ọ̀ṣọ́ sí i bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Iṣẹ́ rẹ̀ lóko wá pín sórí gbogbo wa. Sídí tó lóyún ló ń fi òkèlè sí i lẹ́nu.

“Òkèlè yẹn kéré,” ni Bàbá Múfú á wí.

“Ọwọ́ mi ló kéré, Bàbá Múfú.”

“Ẹran ńkọ́?”

“Ẹ kọ́kọ́ gbé èyí mì ná. Ẹnu kọ́ ló kú, àbí òun náà wà nínú ẹjọ́?”

Bàbá mi á tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kíá. Èmi àti Múfú ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ mi, mọ̀ dájú pé apá náà ti yá, nítorí a ti yọjú wò ó lẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tó ti tú u sílẹ̀, tó ń nà án sókè sódò, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: “Fara dà á. Ó máa tó parí.” Láti ìgbà náà ni a ti sọ ọ́ di eré. Múfú á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, “Bàbá, ẹ gbà!” á sì ju ọsàn sí i. Apá ọ̀tún á fò jáde látinú ọ̀já bí alángbá, á hán ọsàn náà lófuurufú, lẹ́yìn náà ni yóò rántí, á jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, á sì máa wo ojúde yíká bóyá ẹnì kan rí i. Àwa ti sá dé ìdí kànga, à ń fi ọwọ́ bo ẹnu ara wa.

Ohun tó gbádùn jù nínú òfin lọ́yà ni ti àìdọ̀bálẹ̀. Baálẹ̀ á kọjá, àwọn àgbà mọ́sálásí á kọjá, Bàbá Múfú á jókòó, á mi orí díẹ̀, á ní, “Ẹ má bínú o, ẹjọ́ ni ò jẹ́ kí n kí yín.” Àwọn àgbà á máa kùn lọ. Ibì kan ṣoṣo tó yẹra fún ni Ìṣẹ̀rí, níbi tí bàbá Sídí wà. Láti ìgbà tó ti gbé apá kọ́rùn, kò débẹ̀. Bàbá Ìṣẹ̀rí jẹ́ bàbá kúkúrú, ohùn rẹ̀ nípọn ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìdána, nígbà tí Bàbá Múfú àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ilẹ̀ tútù, ó rọra jẹ obì kan tán kó tó ní kí wọ́n dìde, ó sì ní adùn obì náà ni kò jẹ́ kí òun tètè rántí wọn. Ènìyàn lè ṣe àfojúdi sí Baálẹ̀, wọ́n á bá a wí. Ẹni tó bá ṣe é sí àna rẹ̀, wọn kì í bá a wí. Wọ́n kàn ń wá mú ọmọ wọn lọ sílé ni.

Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó lọ ta gàrí sọ pé wọ́n ti so màrìwò sẹ́nu ọ̀nà abúlé kan lẹ́yìn odò. A kì í béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìgbóná ti wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ariwo páànù ẹ̀gẹ́ nínú ilé wa. Ìyá Àgbà gbé Rísí sí itan, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì pe Bàbá Múfú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà.

“Gbé ẹjọ́ yìí sílẹ̀,” ló wí. “Kí àwọn alábẹ́rẹ́ lè wọlé.”

“Màámi, ó kù díẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá san án. Páànù ni mo fẹ́ fi kan ilé yìí. Yàrá yín ni n ó kọ́kọ́ kàn.”

“Ta ni yóò sùn lábẹ́ ẹ̀?”

Mo rí i pé Bàbá Múfú wo Rísí, ó wo ikùn Sídí níbi tó ti ń gbá ilẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Mo ti bá a rò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti sọ fún gbogbo Ìgandò pé kánsù yóò sanwó fún òun; ọ̀nà tí yóò gbà padà láìdi ẹni ẹ̀sín ni kò rí. Ní yunifásítì, mo kà pé àwọn kan wà lóòótọ́ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ṣe lọ́ṣẹ́ rí, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀, àti pé àwọn ìlú kan ní òfin tí wọ́n fi ń tu irú wọn nínú. N kì í fi tiwọn ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà tó sọ̀rọ̀ nípa ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata ìjọ̀sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n gbé tábìlì bàbá mi sábẹ́ igi máńgòrò ojúde. Akọ̀wé kánsù jókòó sí apá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀; dókítà kánsù jókòó tì í; lọ́yà dúró, kò fẹ́ kí kóòtù òun rún. Bàbá Múfú wọ ọ̀já léèsì. Akọ̀wé ka ìwé náà, lọ́yà túmọ̀ rẹ̀: kánsù yóò san owó gbà-má-bínú fún apá tó kú, àwọn ará ilé wa pẹ̀lú yóò sì gbà pé àwọn kò fẹ́ abẹ́rẹ́ kánsù mọ́ láé. Ìyá mi gbá Rísí mọ́ àyà. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ọ̀nà, kò wo tábìlì. Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ yẹ apá náà wò kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ jáde, ó gún un ní ìka.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ lára?”

“Rárá o.”

Ó tún gún un, ó jinlẹ̀ díẹ̀. “Èyí ńkọ́?”

“N ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Kí ló wá dé tómi ń bọ́ lójú yín?”

“Ẹ̀dùn ọkàn ni, dókítà. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni apá yìí nígbà ayé ẹ̀.”

Dókítà tẹjú mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó mi orí sí akọ̀wé. Bàbá Múfú ti yege. Wọ́n kun àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ní tàdáwà, lọ́yà fà á sún mọ́ ìwé, ó kù bí eékánná kó kan án. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ́ náà nípọn. Gbogbo wa yíjú. Sídí ló ń bọ̀ níwájú, eruku Ìṣẹ̀rí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún, bàbá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá Àgbà ló ti rán an jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ní kó má padà láìmú un wá.

N kò tíì rí ohun tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Múfú fò kúrò lórí àga, ọ̀já léèsì já, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, gbì! Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gúnlẹ̀, àyà kan ilẹ̀. Àtàǹpàkò tó yẹ kó tẹ ìwé ti tẹ Ìgandò.

“Ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ káàbọ̀, Bàbá!”

“Bàbá Múfú!” lọ́yà kígbe. “Ọwọ́ yín! Ẹ dìde!”

Bàbá Ìṣẹ̀rí wo lọ́yà láti bàtà dé orí. “Ta nìyẹn tó ń pe àna mi níbi tó ti ń kí mi?”

Lọ́yà sún sẹ́yìn. Bàbá Múfú kò lè dìde, nítorí àna rẹ̀ kò tíì ní kó dìde. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbalaja lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá Ìṣẹ̀rí fi ọ̀pá gúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

“Apá tó o fi kí mi yìí, kò ní rọ.”

“Àmín.”

“Kò ní wú.”

“Àmín.”

“Ẹni tó bá sọ pé ó ti kú, Ọlọ́run á dójú tì í.”

Bàbá Múfú yíjú wo bàtà lọ́yà.

“Mi ò gbọ́ ọ o.”

“Àmín,” ni ilẹ̀ dáhùn.

Dókítà ti fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́yà ní nígbà mìíràn ìbẹ̀rù máa ń jí apá tó ti kú, pé àwọn dókítà mọ̀ ọ́n. Dókítà ní, lábẹ́ fìlà, “Èmi ò mọ̀ ọ́n rí.” Ìyá Àgbà sì dìde lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sọ ti ọsàn, ti ata àti ti eérú, kò fo ibì kankan, Bàbá Múfú sì ń kérora láti ilẹ̀ pé, “Màámi! Màámi o!” A rẹ́rìn-ín títí, kí akọ̀wé tó kó ìwé rẹ̀ jọ. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ẹ máa ṣeré,” ló wí. “Ẹjọ́ irọ́ lẹ fi pe kánsù. Àtìmọ́lé wà nínú ẹ̀. Ní ti àwọn alábẹ́rẹ́, wọn ò tún ní dé ibi yìí mọ́, n ó rí sí i.”

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ wa lẹ́nu. Sídí fi ọwọ́ di ikùn mú. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà rìn lọ síwájú tábìlì, ó gba Rísí lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí akọ̀wé fi fò sókè bí ẹni tí iná jó, tí àga rẹ̀ dànù.

“Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màámi! Ẹ jọ̀ọ́! Irú ìyà wo lẹ fẹ́ kí n jẹ?”

“Mi ò torí ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn kúnlẹ̀. Ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tutù sí i lára. Torí ọmọ yìí ni. Ẹ wo ojú mi, kẹ́ ẹ wo tiẹ̀.”

Akọ̀wé wo ojú méjèèjì. Ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀, kò sì mọ bí yóò ti fi í sílẹ̀. Ó bojú wo dókítà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un, àwọn àgbà sì yanjú ọ̀rọ̀ níbẹ̀, lórí Bàbá Múfú tó ṣì nà gbalaja. Bàbá Múfú yóò gbé ẹjọ́ sílẹ̀. Kánsù náà yóò gbàgbé irọ́. Àwọn alábẹ́rẹ́ yóò dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Dókítà ló dábàá èyí tó kẹ́yìn: ó ní nígbà tó jẹ́ pé apá náà wú lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó yẹ kí kánsù fún un ní gbà-má-bínú kékeré kan. Fìlà kakí kánsù kan ni. Yóò dé e, yóò máa rìn níwájú àwọn alábẹ́rẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, yóò máa kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan ra ojú abẹ́rẹ́, yóò sì fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

“Ṣé o gbà?” ni Bàbá Ìṣẹ̀rí bi í.

“Mo gbà, Bàbá.”

“Dìde, ọkọ ọmọ mi.”

Bàbá Múfú sì fi ọwọ́ òsì nìkan tiraka dìde, ó gbé ti ọ̀tún mọ́ àyà, bó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀rín tí a rín lẹ́ẹ̀kejì yìí, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sá kúrò lójúde. Lọ́yà béèrè ẹni tí yóò san owó tòun. Ìyá Àgbà di pẹ́pẹ́yẹ kan lẹ́sẹ̀, ó gbé e fún un, ó ní, “Apá ọ̀tún eléyìí kú lóòótọ́. Bóyá o lè bá a rojọ́.” Lọ́yà gbà á. N kò rí i ní àdúgbò wa mọ́.

Àwọn alábẹ́rẹ́ dé bí wọ́n ti ṣèlérí. Bàbá Múfú ṣáájú wọn pẹ̀lú fìlà kakí, ó ń fi apá ọ̀tún júwe ọ̀nà, ó ń ké ju ìwọ̀n tí wọ́n ní kó ké lọ. Nínú ilé tí wọ́n bá ti sá, òun ló ń wọ oko lọ kó wọn jáde. Wọ́n gún Rísí, ó ké títí ó fi sùn. Ní abúlé ẹ̀yìn odò, ìgbóná kó ènìyàn lọ. Kò dá odò kọjá sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ara Bàbá Múfú ló gbàgbé lọ́jọ́ náà tàbí òun gan-an ló rí àna rẹ̀ tó sì rí ọ̀nà àbáyọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wá kí i láti yunifásítì. Ó wúkọ́, ó ní kí n lọ bu omi wá.

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́, ọjọ́ ogbó ló gbé e lọ. Bàbá Ìṣẹ̀rí tẹ̀ lé e. Bàbá mi kú sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ibi tó ń tẹ̀. Bàbá Múfú náà ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi. Múfú ọ̀rẹ́ mi lọ nígbà òjò tó kọjá, n kò tíì mọ ẹni tí n ó máa sọ ọ̀rọ̀ ìgbà náà fún. Ti lọ́yà, akọ̀wé kánsù àti dókítà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Sídí wà láyé, ó ń gbé ní Baruwa lọ́dọ̀ ọmọ tó wà níkùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ń pè mí ní Akọ̀wé síbẹ̀. Ọmọ náà wà láyé, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà ṣì wà. Rísí wà láyé, ó wà ní Ẹ̀gbẹ̀dá. Lánàá ló pè mí pé orúnkún ń dun òun, kò jẹ́ kí òun sùn. Mo ní kó dúpẹ́, pé orúnkún àgbà kì í dun ẹni tí kò dàgbà.